Iná afẹ́fẹ́: ṣé ó dínwó lóòótọ́, ṣé ó sì ṣeé gbára lé?

Àdùkẹ́_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ owó iná ló gbé mi wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa nílùú ọba níbí pé kò sí iná tó dínwó tó èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ṣe, torí ẹnikẹ́ni kì í ra afẹ́fẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí bí a bá gba M62 lọ sí Manchester, mo máa ń rí àwọn ẹ̀rọ náà lórí òkè tí apá wọn ń yí. Àmọ́ bílì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé kò yéé lọ sókè. Nǹkan bíi pẹ́ńsì 25 ni mò ń san lórí yúníìtì iná kan, bẹ́ẹ̀ yúníìtì gáàsì tí mo fi ń mú ilé gbóná kò ju bíi 6 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá dínwó, ọwọ́ ta ni èrè rẹ̀ wà?

Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró, inú òkùnkùn ni gbogbo wa máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lóye.

Ẹnjiníà_Glasgow

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Scotland níbí, nídìí àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí England. Iye tí wọ́n ná kí wọ́n tó rí iná ṣe yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń tà á fún yín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti díjú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà iná nìyí. Wọ́n máa ń to àwọn tó fẹ́ ta iná láti orí ẹni tí ọjà rẹ̀ dínwó jù. Afẹ́fẹ́, oòrùn àti núkílíà ló máa ń wà níwájú. Bí tiwọn kò bá tó gbogbo ilé àti iléeṣẹ́, wọ́n á pe àwọn onígáàsì wá dí àlàfo tó kù. Iye tí ẹni ìkẹyìn tí wọ́n pè bá ní òun máa gbà, òun náà ni wọ́n máa fi ra ti gbogbo àwọn tó ṣáájú. Ká ní ọgọ́rùn-ún iṣu ni ọjà nílò lónìí, àádọ́rùn-ún wá láti oko ìtòsí, mẹ́wàá tó kù sì wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn: iye iṣu ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á fi ta gbogbo rẹ̀. Gáàsì ni iṣu ọ̀nà jíjìn ní UK lọ́pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Yukréènì lọ́dún 2022, tí gáàsì fò sókè, owó iná fò sókè pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bó ṣe ń fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àdéhùn tuntun wà tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Ìjọba àti ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ á dúnàádúrà iye kan fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí ogún ọdún fún àwọn àdéhùn tó dé kẹ́yìn. Bí ọjà bá ga ju iye yẹn lọ, onítọ̀hún á dá èlé rẹ̀ padà. Bí ọjà bá sì wálẹ̀ jù ú lọ, wọ́n á bá a kún un. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ kí àdéhùn yìí tó dé ni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn yẹn ń gba iye ọjà, wọ́n tún ń gba owó ìrànwọ́ lé e, wọ́n sì pọ̀. Ẹ béèrè ibi tí èrè wà: púpọ̀ nínú rẹ̀ wà níbẹ̀.

Òótọ́Korò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé níbẹ̀ yẹn, ní Scotland tí ẹ ń gbé, wọ́n ń san owó fún àwọn oní-tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn, pé kí wọ́n pa á. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọ́n ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́, owó sì ń wọlé fún wọn. Nígbà yẹn gan-an, wọ́n tún ń sanwó fún onígáàsì ní England pé kó tanná. Àwa tí à ń san bílì là ń san méjèèjì. Ọjà wo ló dínwó nínú ìyẹn?

Núkílíà ni kí wọ́n kọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kò bìkítà fún ojú ọjọ́.

Kọ́lá_Houston

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Texas kún un, torí ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa káàkiri ayé kì í ṣe bó ṣe rí.

Oṣù Kejì ọdún 2021 ni. Òtútù wọ Texas débi pé omi dì nínú páìpù inú ògiri. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, iná lọ ládùúgbò wa. Èmi àti ìyàwó mi kó àwọn ọmọ sínú yàrá kan ṣoṣo, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí abẹ́ ilẹ̀kùn, gbogbo wa wọ kóòtù sùn. Nígbà tó yá páìpù òkè àjà bẹ́, omi yìnyín ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ni kò ní iná. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ka ènìyàn 246 tó kú.

Òtútù kò tíì lọ táwọn olóṣèlú fi bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé tọ́báìnì ló dì, pé ohun tí iná afẹ́fẹ́ máa ń fà nìyẹn. Àwọn kan dì lóòótọ́, torí àwọn tó kọ́ wọn kò fi ẹ̀rọ ìgbóná sí apá wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kánádà. Àmọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wádìí rẹ̀ fínnífínní, gáàsì ló ṣubú jù lọ. Kànga gáàsì dì, páìpù dì, ẹ̀rọ inú àwọn iléeṣẹ́ iná dì. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì nínú páìpù ń lo iná mànàmáná. Nígbà tí wọ́n sì ń pa iná àdúgbò kiri, wọ́n pa tiwọn mọ́ ọn, gáàsì kò wá dé iléeṣẹ́ iná mọ́. Núkílíà tí bọ̀dá Òótọ́Korò ń yìn náà kò yọ: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tó wà ní South Texas kú torí pé omi dì nínú páìpù tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ kí gbogbo iná Texas dojú dé pátápátá. Ká ní ó dojú dé ni, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan la máa lò nínú òkùnkùn. Àti pé Texas ya wáyà tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyókù Amẹ́ríkà, kò sí aládùúgbò tó lè fún wa ní iná tó nítumọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má fi Texas bú afẹ́fẹ́. Bí wọn kò bá múra ẹ̀rọ sílẹ̀ de ojú ọjọ́, kò sí èyí tí kò ní já ni kulẹ̀.

Òótọ́Korò

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá Kọ́lá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. N kò bá yín jiyàn lórí gáàsì. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ọ̀kan ṣubú nínú ẹ̀rọ núkílíà méjì, èkejì dúró. Afẹ́fẹ́ lè dáwọ́ dúró lórí gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹnjiníà dáhùn.

Ẹnjiníà_Glasgow

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti owó tí wọ́n ń san pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

Òótọ́ ni. Ẹ wo Seagreen, nínú òkun lápá ìlà-oòrùn Scotland: tọ́báìnì 114, mẹ́gáwáàtì 1,075. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára gan-an. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó máa lo iná náà wà ní ìsàlẹ̀ England, wáyà tó ré ààlà kọjá kò sì tó. Lọ́jọ́ tí ìjì bá ń fẹ́ gidi, iná tó wà lápá ibí ju èyí tí wáyà lè gbà lọ, a ní láti sọ pé kí wọ́n pa díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà á jó. Wọ́n ń tẹ́ wáyà tuntun sísàlẹ̀ òkun báyìí láti Scotland wá sí England, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi ń gba àṣẹ àti ilẹ̀ fún wáyà ju èyí tí wọ́n fi ń gbin tọ́báìnì lọ. Wọ́n kọ́ oko kí wọ́n tó la ọ̀nà. Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti afẹ́fẹ́, àmọ́ owó afẹ́fẹ́ ni, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ máa kà á mọ́ ọn.

Ẹ wá jẹ́ ká fi yúníìtì ṣírò, kó lè yé àǹtí wa. Iye tí mo fẹ́ sọ yìí, iye inú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ni, owó ọdún 2012 ni wọ́n sì fi ń ka gbogbo rẹ̀, kó lè ṣeé fi wéra. Núkílíà tuntun ní Hinkley Point, pẹ́ńsì 9.25 lórí yúníìtì kan. Afẹ́fẹ́ inú òkun lọ́dún 2022, pẹ́ńsì 3.7. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2023, ìjọba ní òun kò ní san ju 4.4 lọ, kò sì sí iléeṣẹ́ kankan tó wá du ti inú òkun. Kò sí ẹyọ kan! Irin ti wọ́n, èlé báńkì ti ga, ẹ sì mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ná gbogbo owó afẹ́fẹ́, wọ́n á yá a kí ẹyọ iná kan tó jáde. Bí èlé bá gun òkè, afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń rí i. Ti gáàsì, epo ojoojúmọ́ ni ìnira rẹ̀. Nígbà tó di 2024 ìjọba gbé e sókè, wọ́n wá ná an sí nǹkan bíi 5.9.

Nítorí náà, ó ṣì dínwó ju Hinkley lọ dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá ń sọ pé ó ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, ìròyìn àtijọ́ ló ń kà. Hinkley ńkọ́? Ó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́ báyìí. Wọ́n ti sún un sí nǹkan bíi 2030.

Àdùkẹ́_Leeds

Mo dúpẹ́, ẹnjiníà. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè bọ̀dá Òótọ́Korò o. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́ ńkọ́?

Ẹnjiníà_Glasgow

Mò ń bọ̀ níbẹ̀, àǹtí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé tọ́báìnì tí wọ́n bá pè ní mẹ́gáwáàtì mẹ́wàá kì í mú mẹ́wàá wá lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ka gbogbo ọdún pọ̀, ti orí ilẹ̀ UK máa ń mú bí ìdá mẹ́rin kan wá, ti inú òkun máa ń mú bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, lọ́dún 2024, afẹ́fẹ́ ló ṣe nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iná UK. Iléeṣẹ́ èédú tó kẹ́yìn nílẹ̀ yìí, Ratcliffe-on-Soar, ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Iná kò lọ.

Ohun tó ń dúró lẹ́yìn afẹ́fẹ́ pọ̀. Wáyà kan wà lábẹ́ òkun láti Nọ́wè, omi ni wọ́n fi ń ṣe iná tiwọn. Òmíràn wá láti Dẹ́ńmáàkì. Òkè kan wà ní Wales tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, Dinorwig ni wọ́n ń pè é: adágún omi wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Lóru tí iná bá pọ̀ lọ́jà, wọ́n á fi fa omi gòkè. Nígbà tí iná bá fẹ́ já, wọ́n á ṣí i, omi á ya lu ẹ̀rọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ó ti ń tú bíi mẹ́gáwáàtì 1,700 jáde. Mo ti wọ inú rẹ̀ rí. Ariwo omi yẹn, àyà ló ti ń dún. Bátìrì ńlá-ńlá náà ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ Dinorwig àti bátìrì, wákàtí ni wọ́n ń gbani là, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀ lórí UK, Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí kùrukùru sì bo oòrùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2024, yúníìtì iná ní Jámánì dé nǹkan bíi sẹ́ǹtì 94 lọ́jà fún wákàtí kan. Ní oṣù Kìíní 2025, iléeṣẹ́ gáàsì kan níbí gba nǹkan bíi pọ́ùn márùn-ún lórí yúníìtì kan ṣoṣo, kí iná má bàa lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Gáàsì ló ń dúró de àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a sì ń sanwó ìdúró fún un jálẹ̀ ọdún.

Bọ̀dá Òótọ́Korò jàre níbẹ̀ yẹn. Èmi fúnra mi fẹ́ kí wọ́n kọ́ núkílíà díẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí n kò gbà ni pé ká dúró dè é. Yúníìtì kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ bá ṣe lónìí, gáàsì tí a kò rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Òótọ́Korò

Mo gbà pẹ̀lú yín títí dé ìdajì. Ẹ rántí pé Hinkley máa lo ọgọ́ta ọdún. Tọ́báìnì, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ti ń wá òmíràn. Bí ẹ bá kà á bẹ́ẹ̀, àlàfo owó yẹn á kéré sí i.

Bùkọ́lá_Ìkẹjà

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti Ìkẹjà, mo sì rí ohun kan tó kàn wá gan-an: wáyà.

Afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan lórí iná tiwa. Gáàsì àti omi ni: Egbin tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, mẹ́gáwáàtì 1,320; Kainji, Jebba, Shiroro. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé, àwọn wọ̀nyí ló "ṣeé gbára lé." Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀melòó ni gbogbo iná Nàìjíríà dojú dé lọ́dún 2024? Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí òkè ọya bàjẹ́, títí kan èyí tó ti Shiroro lọ sí Kaduna tí àwọn kan bà jẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ òkè ọya sì wà láìní iná fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ̀rọ Shiroro kò bàjẹ́. Omi wà. Ọ̀nà tí iná máa gbà ni kò sí.

Ìjọba wa náà ti gbin tọ́báìnì rí: 37 ní Rimi, lẹ́bàá Katsina, mẹ́gáwáàtì mẹ́wàá lápapọ̀. Afẹ́fẹ́ apá ibẹ̀ dára ju tiwa lọ. Ní oṣù Kejìlá 2012, wọ́n jí ẹnjiníà ará Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé, nǹkan bí ọdún kan ló lò lọ́wọ́ wọn kó tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí láàárín ọdún bíi méjì falẹ̀ títí. Ìfàlẹ̀ yẹn náà, iye owó ni.

Ẹ wá wo Kẹ́ńyà. Lẹ́bàá adágún Turkana, wọ́n gbin tọ́báìnì 365, mẹ́gáwáàtì 310, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè méjì bí ẹni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ jáde nínú ẹwìrì. Tọ́báìnì dúró tán lọ́dún 2017. Wáyà tó ju 400 kìlómítà lọ kò tíì dé. Títí di oṣù Kẹsàn-án 2018, wọ́n wà níbẹ̀ láìta iná kankan, ìjọba Kẹ́ńyà sì ń san owó ìtanràn fún iná tí ẹnikẹ́ni kò lò. Nígbà tí wáyà dé, ó di ọ̀kan nínú àwọn iná tó dínwó nílẹ̀ wọn, pẹ̀lú omi àti oru gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ní Olkaria.

Bí mo bá jẹ́ mínísítà, kí n tó ra tọ́báìnì kan, màá kọ́kọ́ ra wáyà.

Délé_Akọ́bọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìbàdàn ni mo wà. Mo ní sólà mẹ́fà lórí òrùlé, ínfátà, àti bátìrì kan tó ti ń rẹ̀. Lálẹ́, bátìrì kì í ju aago mọ́kànlá lọ. Ọkùnrin kan wá polówó tọ́báìnì kékeré fún mi, kílówáàtì kan, tí wọ́n máa gbé sórí òrùlé. Ó ní oòrùn máa ń wọ̀ ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í sùn. Iye tó pè sún mọ́ owó bátìrì lítíọ̀mù tuntun. Èwo ni kí n rà?

Ẹnjiníà_Glasgow

Àbúrò mi, má tíì sanwó o.

Kílówáàtì kan tó pè yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé iye tó máa mú wá nìyẹn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sá mítà méjìlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ orí òrùlé ní Ìbàdàn kì í sábà ju mítà mẹ́ta lọ. Agbára afẹ́fẹ́ kì í dínkù ní ìdọ́gba pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá dín sí ìdajì, agbára á dín sí ìdá mẹ́jọ. Láti méjìlá sí mẹ́fà, kílówáàtì kan di wáàtì 125. Láti mẹ́fà sí mẹ́ta, ó di nǹkan bíi wáàtì 16. Gílóòbù LED méjì nìyẹn, bí apá rẹ̀ bá tiẹ̀ yí rárá, torí púpọ̀ nínú wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí yí kí afẹ́fẹ́ tó dé mítà mẹ́ta. Ilé àti igi tó yí ọ ká tún máa ń da afẹ́fẹ́ rú, á máa gbá a sọ́tùn-ún sósì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé tọ́báìnì jìnnà sí ilé, sókè fíofío, lójú òkun.

Ìyẹn ìjì òjò oṣù Kẹrin ńkọ́? Ó lágbára, àmọ́ kì í pẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀rọ náà àti páànù rẹ lọ.

Ní Ìbàdàn, oòrùn ni ọrọ̀ rẹ. Ra bátìrì.

Bùkọ́lá_Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ọn, Délé. Ní báńdì A tí wọ́n gbé owó iná rẹ̀ kúrò ní náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì ní oṣù Kẹrin 2024, gbogbo yúníìtì tí sólà rẹ bá ṣe tí bátìrì sì tọ́jú, owó tí o kò san ni.

Délé_Akọ́bọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ní tirẹ̀ yàtọ̀, pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹnjiníà_Glasgow

Sọ pé kó fi ìwé ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Àtẹ kan máa wà nínú rẹ̀: eré afẹ́fẹ́ lápá kan, wáàtì lápá kejì. Wo ohun tó wà níwájú mítà mẹ́ta àti mẹ́rin. Má wo ti méjìlá.

Àǹtí Àdùkẹ́, kí n má gbàgbé yín: ẹ béèrè bóyá mítà tuntun wà nílé yín, èyí tó ń ka iná ní ààbọ̀ wákàtí. Àwọn kan ń ta iná ní iye tó ń yí padà bí ọjà ṣe ń yí. Lóru tí ìjì bá ń fẹ́, owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an, nígbà mìíràn á tiẹ̀ kọjá òdo sísàlẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé aṣọ fífọ̀ àti omi gbígbóná sí àkókò yẹn, ẹ̀yin náà á jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá lè yẹra fún aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, ẹ má wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti ń wọ́n.

Àdùkẹ́_Leeds

Mítà náà wà. Aago mẹ́rin sí méje ni mo máa ń dáná fún àwọn ọmọ, sítóòfù oníná sì ni mo ń lò. Màá dúró síbi tí mo wà ná. Ẹ ṣeun, gbogbo yín.

Délé_Akọ́bọ̀

Ó ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Àtẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà mẹ́jọ, kò sí nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Bátìrì ni mo máa rà.